Ebola: Ṣé ó yẹ kí dókítà Liberia san $45 kó tó ka ìwádìí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe?

Nígbà tí àrùn Ebola bẹ́ sílẹ̀ ní Liberia ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ni pé àlejò ni àrùn náà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pé kò sí ẹni tó lè rò pé ó ń bọ̀.

Àmọ́ láti ọdún 1982 ni àpilẹ̀kọ ìwádìí kan ti wà nílẹ̀ tó sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Yúróòpù ló gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Liberia, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní nǹkan bíi èèyàn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì nínú ẹ̀jẹ̀ pé kòkòrò Ebola ti wọ ara wọn rí. Wọ́n wá kọ ọ́ pé ó yẹ kí wọ́n máa ka Liberia mọ́ ibi tí Ebola wà.

Ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Yúróòpù ló gbé ìwádìí náà jáde. Ibẹ̀ ló sì wà.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe hàn síta?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Dókítà Bernice Dahn, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ní iléeṣẹ́ ìlera Liberia nígbà náà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn New York Times.

Wọ́n ní ẹnu ya àwọn nígbà tí àwọn ṣèèṣì rí ìwádìí ọdún 1982 náà. Wọ́n ṣàlàyé pé kí dókítà kan ní Liberia tó lè ka ọ̀kan lára irú àwọn ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí ayélujára, yóò san $45. Èyí tó ìdajì owó tó ń gbà lọ́sẹ̀ kan.

Kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Èèyàn tó lé ní 4,800 ni Ebola pa ní Liberia. Arìnrìn-àjò kan gbé e láti Monrovia wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014. Èèyàn mẹ́jọ ló kú ní Nàìjíríà, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn.

Ṣé olè ni ẹni tó bá pín ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́?

Ní ọdún 2011, Alexandra Elbakyan, ọ̀dọ́bìnrin kan láti Kazakhstan, dá ìtàkùn Sci-Hub sílẹ̀. Ó ń fi àìmọye àpilẹ̀kọ ìwádìí tí wọ́n ń tà síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Elsevier gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kan ní New York ní kí wọ́n san owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là fún iléeṣẹ́ náà.

Òfin ní ìdí tó fi dá ẹ̀tọ́ àdàkọ sílẹ̀. Àwọn àgbà náà ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Bí àpẹẹrẹ, ariwo ta ní Nàìjíríà nígbà tí àwọn kan ń ta ayédèrú fíìmù October 1 tí Kunle Afolayan ṣe. Owó ara rẹ̀ àti ti àwọn tó yá a lówó ló wà nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń pín in kiri ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu òṣèré.

Àmọ́ ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn tó gbé e jáde kì í sábà san owó fún ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ kì í gba kọ́bọ̀. Owó orí àwọn aráàlú ni wọ́n sì fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn òǹtẹ̀wé ní iṣẹ́ àtúnṣe àti ìpamọ́ ń ná àwọn lówó, òótọ́ sì ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn wá ń ṣe ni pé òǹkàwé kò ní sanwó mọ́, òǹkọ̀wé ni yóò san án. Iye náà máa ń tó ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan, èyí tí olùwádìí Áfíríkà kì í sábà ní.

Ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí

Nígbà tí Ebola ń jà ní 2014, àti nígbà tí Covid-19 dé ní 2020, ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé fúnra wọn jẹ́ kí àwọn èèyàn ka ìwádìí lórí àrùn náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé òkú gbọ́dọ̀ sùn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn?

Láti ọdún 2002 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àwọn òǹtẹ̀wé ti ní ètò kan, Hinari, tó ń fún àwọn iléèwé àti ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó láǹfààní láti kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ló ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó dá wà ní abúlé kò lè dá wọlé.

Bí ẹ bá rí ìwádìí tí wọ́n ní kí ẹ sanwó fún, ẹ kọ lẹ́tà ayélujára sí ẹni tó kọ ọ́. Inú ọ̀pọ̀ wọn máa ń dùn láti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí yín. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà lórí ìtàkùn fásitì òǹkọ̀wé náà.

Owó nìkan kọ́ ni kọ́kọ́rọ́

Kò sí ẹni tó lè búra pé bí wọ́n bá ka ìwádìí 1982 ní Monrovia, Ebola kò ní pa ẹnikẹ́ni. Irú àyẹ̀wò ìgbà náà máa ń ṣì í nígbà mìíràn. Liberia kò sì ní dókítà àti yàrá àyẹ̀wò tó pọ̀ tó lẹ́yìn ogun abẹ́lé.

Dahn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn tọ́ka sí ohun mìíràn: kò sí ọmọ Liberia kankan lára àwọn tó kọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n padà sílé, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ sí ìlú wọn.

Àríyànjiyàn lórí Sci-Hub kò tíì parí, ilé ẹjọ́ sì ti sọ èrò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Liberia ṣe kedere. Ẹni tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ kò bá wọn jà lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ó kàn yẹ kí ẹnì kan ti sọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ fún un.