Ìpalẹ̀mọ́ Ilé De Ìgbà Tí A Ó Pa Iná

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Fẹ́búárì 1972, nígbà tí àwọn tí ń wa èédú daṣẹ́ sílẹ̀, ńṣe ni a ń pín òkùnkùn láti àdúgbò dé àdúgbò. Ní Ọ́któbà 2022 pẹ̀lú, àwọn alákòóso iná kìlọ̀ pé, bí gáàsì bá wọ́n, a lè pa iná fún wákàtí 3 lẹ́ẹ̀kan. Kò sì rí bẹ́ẹ̀.

A gba ìyá ilé níyànjú pé kí ó fi tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ọwọ́ yóò tètè bà á. Bí a kò bá ṣí fìríìjì, oúnjẹ inú rẹ̀ yóò tutù fún bí wákàtí 4. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ààrò èédú wọ yàrá: gáàsì rẹ̀ kò ní òórùn, a sì máa pani lójú oorun. Ẹni tí ó ní aláìsàn tí ń fi ẹ̀rọ mí, kí ó tètè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná. 105 ni nọ́mbà tí a ń pè bí iná bá lọ.

Ní ìparí, a bẹ̀ yín, ẹ kan ilẹ̀kùn arúgbó tí ń dá gbé nítòsí yín.