Mọ́dẹ́ẹ̀lì Tó Wà Lórí Tábìlì Akápò

Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé wa tó kọjá ní Ìwárè ló rí nǹkan kan lórí tábìlì akápò: ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bẹ́líìtì wà lára rẹ̀, ẹnu tí a ń da ẹ̀gẹ́ sí wà níbẹ̀, kódà ẹsẹ̀ rẹ̀ dógùn-ún bíi ti ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nínú omi ẹ̀gẹ́. Ọ̀dà ni ẹni tó ṣe é fi ya ìdógùn-ún yẹn o. Ìyá kan nínú wa fi ìka kàn án, ó ní, "Èyí kò ṣáà lè rin gààrí fún mi." Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń bi wá pé, ṣé òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ yá ènìyàn lówó nítorí irú nǹkan báyìí?

Òótọ́ ni. Ó sì yẹ kí a sọ bó ṣe jẹ́, nítorí owó gbogbo yín ni.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń kun mọ́tò, tó sì ń kọ bọ́ọ̀dù, ló kọ ìwé ẹ̀yáwó náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló kó páálí kan wá fún àwọn ọmọ ilé. Ègé pílásítíìkì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n so mọ́ igi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń so mọ́ra. Ẹni tó rà á ni yóò fi ọ̀bẹ gé wọn, yóò fi páńdà dán etí wọn, yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, yóò sì kùn wọ́n, títí yóò fi di ọkọ̀ òfuurufú tàbí mọ́tò kékeré. Àwọn ọmọ pa á tì, òun ló jókòó tì í. Kò pẹ́ tó fi wá sọ́dọ̀ wa pé òun fẹ́ máa ṣe irú rẹ̀ tà, kí a yá òun ní ìlọ́po méjì owó tí òun ti fi pamọ́.

Nínú ìgbìmọ̀ wa, ẹni kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àwa tí à ń kọ èyí náà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí a délé ni a wádìí. Ilé iṣẹ́ Airfix tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi mọ́dẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ rárá. Nicholas Kove, ará Họ́ńgárì, ló dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ohun ìṣeré rọ́bà ni wọ́n ń ṣe. Lẹ́yìn ogun wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń ti pílásítíìkì gbígbóná sínú móòdù irin, òòyà ni wọ́n sì ń fi ṣe. Òòyà kẹ̀, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà! Ní 1949 ni àwọn Ferguson tó ń ṣe katakata tí a fi ń túlẹ̀ bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe katakata kékeré fún àwọn tó ń bá wọn tajà káàkiri. Ta ni yóò gbé katakata gidi sórí tábìlì oníbàárà? Ṣùgbọ́n owó àwọn tó ń tò ó pọ̀, ni wọ́n bá kúkú ń ta ègé rẹ̀, kí ẹni tó rà á máa tò ó fúnra rẹ̀. Ní 1952 wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi Golden Hind fún ṣọ́ọ̀bù Woolworths. Inú ọ̀rá ni wọ́n dì í sí dípò páálí, kí wọ́n lè tà á ní sílè méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹ̀pà sínú ọ̀rá mọ ọgbọ́n yẹn. Síbẹ̀ náà, gbèsè wọlé tọ ilé iṣẹ́ náà ní 1981, ó sì ti gba ọwọ́ bíi mélòó kan kó tó bọ́ sọ́wọ́ Hornby tó ni ín lónìí.

Àwọn tiwa náà ti ń ṣe ohun kékeré tà tipẹ́. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣiṣẹ́ l'Ékòó ṣáájú 1950, ń gbẹ́ àjẹ́lẹ̀, lọ́yà, míṣọ́nnárì àti ọba fún àwọn òyìnbó. A máa gbẹ́ fìlà àti agbòòrùn wọn lọ́tọ̀. Ìńkì dúdú àti pupa ló fi ń kùn wọ́n, pẹ̀lú pólíìṣì bàtà funfun. Ní Ọ̀wọ̀, láti bí 1930 sí iwájú, Justus Akérédolú ń fi ẹ̀gún ńlá ara igi gbẹ́ ènìyàn tí kò ju ìka lọ. Òun kò tilẹ̀ nílò ọ̀dà, nítorí àwọ̀ ẹ̀gún náà yàtọ̀ síra.

Nígbà tí a mú èyí dé iwájú ìgbìmọ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Oníduúró méjì ni òfin wa béèrè. Ọ̀kan jẹ́ ìyá tó ń ta ọsàn ní Fìdítì, àwa fúnra wa la sì lọ bẹ̀ ẹ́.

Móòdù irin kò ṣeé rà fún irú wa, nítorí náà rẹ́sììnì ni ọmọ wa ń lò, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe táńkì fáíbà ń lò. Yóò kọ́kọ́ fi igi àti páànù ṣe ìyá rẹ̀, yóò da rọ́bà olómi yí i ká, bí rọ́bà bá le, yóò yọ ìyá kúrò, ibi tó ṣófo ni yóò máa da rẹ́sììnì sí. Móòdù rọ́bà yìí kì í pẹ́ ya, ṣùgbọ́n kò wọ́n bíi ti irin. Oògùn tí a ń pò mọ́ rẹ́sììnì ló ń mú un le. Ooru oṣù kẹta ló ṣe é ní jàǹbá àkọ́kọ́: iye oògùn tí wọ́n ń lò ní ìlú tútù ló pò mọ́ ọn, rẹ́sììnì hó, ó sì sán. Ìdajì agolo ló bàjẹ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pílásítíìkì náà kò ràn án. Ṣe ni ti pílásítíìkì ń yọ́ ojú méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan, rẹ́sììnì kì í sì í yọ́. Súpà gúlù tàbí Araldite ló ń dì í mú. Kó tó kùn ún, yóò fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, torí òróró móòdù kì í jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò máa kùn ún, ní ìlọ́po ìlọ́po. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà òjò, ọ̀dà a máa funfun bí ẹni pé efun bà á. Ẹni tó bá sì ń dán an gbọ́dọ̀ bo imú, nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ rèé. Ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ bẹ̀ ẹ́ ní mọ́dẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá láìsan kọ́bọ̀ sílẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n gbà, wọ́n ní ọ̀gá tó bẹ iṣẹ́ náà ti kúrò. Oṣù méjì ni ọmọ wa kò fi rí owó san, a sì yọ ọ́ lára owó àwọn oníduúró bí òfin ti wí. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìyá ọlọ́sàn ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Akọ̀wé, owó ọsàn mi lẹ fi ń ṣe bèbí?" A kò rí ohun tí a lè dáhùn.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Ìlọrà, wẹ́dà tó ń ṣe ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ gan-an, ló yọ wá. Ó ti ń náwó púpọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sọ́jà láti fi han àwọn oníbàárà. Ó rí ọ̀kan nínú méje tó kù nílẹ̀, ó ní kí ọmọ wa ṣe mẹ́ta fún òun bí ẹ̀rọ tòun ṣe rí gẹ́lẹ́, ní àwọ̀ ewé, ó sì san ìdajì owó níwájú wa. Àpò ló ń kó o sí báyìí lọ sí abúlé, ó sì ti gba iṣẹ́ ẹ̀rọ gidi méjì nípasẹ̀ rẹ̀. Ìdajì owó ìyá ọlọ́sàn ti padà sínú ìwé rẹ̀. Ìdajì tó kù, oṣù méjì ni ọmọ wa dá.

Ìgbìmọ̀ ti fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó: ta ni yóò ra ọjà náà, èló ló sì ti san sílẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yáwó, ẹ múra ìdáhùn yín sílẹ̀ kí ẹ tó wá. Mọ́dẹ́ẹ̀lì kejì yóò wà lórí tábìlì ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ wá wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìka kàn án, torí ọ̀dà rẹ̀ lè má tíì gbẹ.