Ẹsẹ̀ Tí Ẹ̀rọ Yóò Fi Sá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ènìyàn ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi sá. Ẹ̀rọ ńkọ́? Àwa tí a ṣe é ni a gbọ́dọ̀ fún un lẹ́sẹ̀.

Àwa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí ni a jọ ṣe ẹ̀rọ ìlọta kékeré kan tí kọ̀ǹpútà ń darí. Kí a tó kọ àṣẹ kankan fún kọ̀ǹpútà náà, a kọ́kọ́ ya iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìwé. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní state machine. Òbìrìkítí kọ̀ọ̀kan dúró fún ipò kan tí ẹ̀rọ lè wà. Ọfà tó ti inú ọ̀kan lọ sí èkejì ń sọ ohun tí yóò mú un kúrò níbẹ̀. Ipò mẹ́rin ni tiwa: ìsinmi, lílọ ata, dída ata jáde, àti fífọ ẹ̀rọ. Bí a bá ti da ata sí i tí a sì dé e, ó ń kúrò ní ìsinmi fúnra rẹ̀.

Nítorí pàjáwìrì, a fa ọfà pupa láti ipò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan padà sí ìsinmi. Nígbà tó yá, a fi ipò karùn-ún kún un: kí ẹ̀rọ máa yí sẹ́yìn bí ata bá há. A gbàgbé láti fa ọfà tirẹ̀. Ọjọ́ tí a dán an wò, ata há, ẹ̀rọ yí sẹ́yìn, ó sì gbá apá ẹ̀wù ọ̀rẹ́ wa mú. A tẹ bọ́tìnì pupa títí, kò gbọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó sáré fa wáyà yọ lára ògiri.

David Harel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Ísírẹ́lì, ti fi ọ̀nà àbáyọ hàn nínú ìwé tó gbé jáde ní 1987 lórí àwòrán tó pè ní statecharts. Ẹ fi àpótí ńlá kan yí gbogbo ipò iṣẹ́ ká, kí ẹ sì fa ọfà kan ṣoṣo láti etí àpótí náà jáde. Ọfà kan yẹn ti tó fún gbogbo wọn. Ipò tí ẹ bá fi kún un lọ́la, bí ó bá ti wà nínú àpótí, òun náà ti ní ẹsẹ̀.

Níbo ni ọfà náà ń lọ? Kì í ṣe ìsinmi, nítorí bí ata bá ṣì wà nínú ẹ̀rọ wa, yóò tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. A dá ipò mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn òde àpótí, a pè é ní ìdádúró. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 13850 sọ pé títú bọ́tìnì pàjáwìrì sílẹ̀ nìkan kò gbọdọ̀ mú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá tú u sílẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀rọ wò, kí ó tó tẹ bọ́tìnì mìíràn tí yóò gbé e lọ sí ìsinmi.

Ó ku ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà lè dákú. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnì pupa náà gé iná kúrò lára ẹ̀rọ tààrà, kí ó má dúró de àṣẹ kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra iṣẹ́ àṣekágbá sílẹ̀, ọ̀nà àsálà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ̀wù ló ya lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ kò ní àrọ́pò.