Ìṣúra Tí Káàdì Ilé Ìkàwé Ń Ṣí

Bí ènìyàn bá dé Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá ti pọ̀ débi pé ènìyàn lè fi èdè abínibí rẹ̀ ná ọjà ẹ̀lùbọ́ láìfi Gẹ̀ẹ́sì lú u, yóò rí ilé ìkàwé kan tí ìrísí rẹ̀ jọ lẹ́tà L tí a dorí rẹ̀ kodò, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000, tí ó sì gba ẹ̀bùn Stirling ti àwọn ayàwòrán-ilé lọ́dún kan náà. Àwọn ènìyàn wa ń kọjá níwájú ilé yìí lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fura pé ohun tí ilé ìkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi tọrẹ lóde òní ti ju ìwé orí pẹpẹ lọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ilé ìkàwé ti ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ̀. Òfin ọdún 1850 gbà wọ́n láyè láti fi owó orí ará ìlú kọ́ ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n kò gbà pé kí wọ́n fi kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ra ìwé (ẹ gbọ́ ọgbọ́n ìjọba!), títí òfin ọdún 1855 fi tún un ṣe. Òfin ọdún 1964 ni ó wá sọ ọ́ di dandan fún káńsù láti pèsè ilé ìkàwé, kí yíyá ìwé sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ti kó ìwé ìròyìn àtijọ́, ìwé atúmọ̀ èdè àti ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Google lè júwe ẹnu ọ̀nà, kò lè ṣílẹ̀kùn. Owó ni í ṣí i, káńsù sì ti bá wa san án. Ẹni tí ó bá tẹ nọ́ńbà káàdì ilé ìkàwé rẹ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ wà lórí ibùsùn rẹ̀, yóò wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan yẹ̀ wò dáadáa. Oxford Dictionary of National Biography jáde ní ọdún 2004 ní ìdìpọ̀ 60, àwọn ilé ìkàwé ìlú tí ó pọ̀ jù lọ ní Bìrìtéènì sì ń san owó rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni a ti rí ìtàn Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ẹni tí ogun kó lẹ́rú ní 1821, tí orí rẹ̀ kò sì gbàgbé rẹ̀ sóko ẹrú, títí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ibẹ̀ náà ni ìtàn Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ wà, tí a bí lábẹ́ Olúmọ, òun tí ó wà nídìí dídá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí bàbá àgbà rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn, ta ni yóò pa àrọ́bá fún un? Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ láàrin ara wọn ní 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn lu Èkó, kí ó wá ibi tí a kó ìwé ìròyìn The Times jọ sí láti 1785.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè kà nílé o. Ancestry tí a fi ń wá ìran ẹni, àti Access to Research, ti ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, inú ilé ìkàwé ni àdéhùn àwọn atẹ̀wé ní kí a ti lò wọ́n. Libby àti BorrowBox ń yá ni ní ìwé kíkà àti ìwé àgbọ́, PressReader ń kó ìwé ìròyìn wá, ibòmíràn sì tún ń fún ẹni tí ń kọ́ ọkọ̀ ní ìbéèrè ìdánwò láti fi ṣe ìdánrawò. Káńsù kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan tirẹ̀. Ohun tí ó wà ní káńsù Southwark lè má sí ní ti Lewisham.

A kì í gbé etí odò kí a tún máa fi itọ́ bọ́jú. Ní tèmi, ohun tí ará ìlú kò bá lò ni káńsù tí owó há mọ́ lọ́wọ́ yóò kọ́kọ́ gé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mú ẹ̀rí àdírẹ́sì yín, kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ mú àwọn ọmọ dání: ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba káàdì náà.