Omi Òjò Ló Pa Ọkọ̀, Kì Í Ṣe Omi Òkun

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bi wá pé kí ló kan ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì nínú ọkọ̀ ojú omi. Etí odò Bénúé ní Mákúrdí la ti dàgbà, ọkọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tó ṣàjèjì sí wa ni èyí tí ẹ̀gbọ́n wa fojú rí ní Southampton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́dún 2021, ẹ̀gbọ́n wa ra ọkọ̀ kékeré onígbòkun kan ní àlòkù. Mirror ni orúkọ irú ọkọ̀ náà. Ọdún 1963 ló kọ́kọ́ jáde. Jack Holt àti Barry Bucknell ló ya àwòrán rẹ̀, ìwé ìròyìn Daily Mirror sì ṣe agbátẹrù rẹ̀, kí mẹ̀kúnnù náà lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ nílé. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, wáyà bàbà ni a fi ń rán an pọ̀ bí ẹni rán aṣọ, kí a tó lẹ ojú rẹ̀ pa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.3, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílò 45 lọ. Ìgbòkun rẹ̀ pupa fòò.

Nígbà tí òtútù ń bọ̀ lóṣù kẹwàá, ẹ̀gbọ́n wa wọ́ ọkọ̀ wọn sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dí gbogbo ihò rẹ̀, wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n sì dè é pinpin kí omi má baà ráyè wọlé. Lóṣù kẹrin tí wọ́n ṣí i, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Inú ọkọ̀ ti bu. Ìka wọn wọ inú pákó bí ìgbà tí èèyàn tẹ búrẹ́dì tó rin. Owó tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù tù jọ ló fẹ́ bọ́ sómi yẹn.

Ọkọ̀ tó fi gbogbo ìgbà ooru gbé orí òkun, báwo ló ṣe wá jẹ́ orí ilẹ̀ ló ti jẹrà?

Kì í ṣe omi fúnra rẹ̀ ló ń jẹ igi. Ẹ̀yà olú kan ni, tí ojú kì í rí níbẹ̀rẹ̀. Igi gbígbẹ kò gbà á; ó fẹ́ kí omi inú igi tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ tilẹ̀ máa ń da iyọ̀ sáàárín egungun ọkọ̀ nítorí rẹ̀. (Kòkòrò tó ń lu igi nínú òkun ńkọ́? Ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.) Omi òjò ní tirẹ̀ kò níyọ̀ rárá.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ti ṣìṣe gan-an rèé. Mirror ní àwọn ìyẹ̀wù tí a dé pa sára rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú wọn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì. Ọ̀rinrin tó bá kù síbẹ̀ kò rọ́nà jáde. Bí òru bá tutù, a di ìrì sára pákó. Ẹni tó bá ti ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná rí ti mọ bó ṣe ń kán. Tapólì tí a dè pinpin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n ṣí gbogbo ọmọrí ìyẹ̀wù náà sílẹ̀ ni. Kí wọ́n sì dojú ọkọ̀ dé lórí igi, kí ó ga sókè kúrò nílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá dojú rẹ̀ dé gbọ́dọ̀ fi òpó ọkọ̀ ṣe àjà, kí tapólì lè dà bí òrùlé. Bí tapólì bá tẹ̀ láàárín, lítà 100 omi òjò lè dúró síbẹ̀, kílò 100 sì nìyẹn, ó ju ìlọ́po méjì ọkọ̀ lọ! Bí omi náà bá wá dì, a fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 fẹ̀ sí i, a sì la gbogbo ibi tí ó bá ti rá wọlé. Ibi tí ọ̀dà bá ti ṣí, kí a tún un kùn kí òjò tó dé. Kí a so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ìjì. Ìgbòkun àti okùn, inú ilé ni tiwọn, lẹ́yìn tí a bá ti fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ wọ́n tí wọ́n sì gbẹ, nítorí iyọ̀ ara wọn a máa fa ọ̀rinrin.

Ní Mákúrdí, òdìkejì pátápátá ni. Bí ọyẹ́ bá dé tí odò fà, àwọn apẹja a bu omi sínú ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ara ìtì igi, wọ́n a sì fi koríko bò ó. Bàbá apẹja kan ládùúgbò wa rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìbu omi sí tirẹ̀. Kí ó tó dé, ọkọ̀ ti là láti iwájú dé ìdí, iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ló sì ń bá wọn ṣe títí ọdún náà fi parí. Nígbà tí a sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù, wọ́n ní, "Ohun tí ẹ̀yin ń bù sí tiyín náà ló pa tèmi."

Wọ́n ti gé pákó tó jẹrà kúrò, wọ́n sì ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí gbogbo ọmọrí, wọ́n sì so wọ́n mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé wọn, kí wọ́n má baà gbàgbé dá wọn padà kí ọkọ̀ tó tún kan omi.