Àyẹ̀wò àbùkù sẹ́ńsọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀

Àyẹ̀wò àbùkù sẹ́ńsọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wíwá ìdí tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fi ń gbọ̀n, tí ó fi ń mu epo lámujù, tàbí tí ó fi ń kú lójijì. Sẹ́ńsọ̀ ni ohun èlò kékeré tí ó ń wọn ooru, afẹ́fẹ́, ìyípo ẹ́ńjìnnì tàbí èéfín, tí ó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì Nàìjíríà ń pè ní brain box. Kọ̀ǹpútà yìí ni ó ń pinnu iye epo tí yóò wọ ẹ́ńjìnnì àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ta iná.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri Èkó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ti Amẹ́ríkà wá. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí ọkọ̀ tuntun ní ìlànà àyẹ̀wò kan náà, OBD-II. Nítorí náà, ẹ̀rọ kékeré kan náà lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀.

Ohun tí kóòdù ń sọ

Bí iye tí sẹ́ńsọ̀ kan rán bá kọjá ohun tí kọ̀ǹpútà ń retí, iná ẹ́ńjìnnì yóò tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, kóòdù kan yóò sì wà ní ìpamọ́. P0301 ń sọ pé epo kò jó dáadáa nínú sìlíńdà kìíní. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a ka kóòdù bí ìdájọ́, kí a sì sáré lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin lọ ra sẹ́ńsọ̀ àlòkù. Ẹlẹ́rìí ni sẹ́ńsọ̀. Ó lè jẹ́ pé òtítọ́ ni ó ń sọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Èrèlé ọdún 2022 fi èyí hàn. Epo bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà gbà láàyè lọ wọ orílẹ̀-èdè náà, àjọ NMDPRA tí ń bójú tó epo rọ̀bì sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà. Afẹ́fẹ́ tí methanol nílò láti jó kò tó ìdajì èyí tí bẹntiróòlù nílò. Bí ó bá pọ̀ nínú epo, afẹ́fẹ́ oxygen yóò ṣẹ́kù nínú èéfín, sẹ́ńsọ̀ oxygen yóò sì sọ pé epo kò tó. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti ju owó nù. Inú táńkì ni àbùkù wà.

Bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

Bí P0171 bá jáde, a máa ń wo ìdá epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún ti àtẹ̀yìnwá nígbà tí ọkọ̀ dúró, lẹ́yìn náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní nǹkan bí 2,500 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Bí àfikún náà bá pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí ó sì dínkù nígbà tí a tẹ epo, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé ti ya. Bí ó bá ń pọ̀ sí i bí a ti ń tẹ epo, kí a yẹ ẹ̀rọ tí ń fa epo wò, àti àlẹ̀ epo, àti sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn afẹ́fẹ́. Eruku lórí wáyà gbígbóná inú rẹ̀ a máa mú kí ó ròyìn iye tí kò tó.

Ti sìlíńdà tí kò jó rọrùn jù. Kí a gbé kọ́ìlì sìlíńdà kìíní lọ sí ìkẹta, kí a sì gbé ti ìkẹta wá. Bí kóòdù bá yí padà sí P0303, kọ́ìlì náà ni ó bàjẹ́. Bí kò bá yí, kí a wo púlọ́ọ̀gì àti ẹ̀rọ tí ń fọ́n epo. A kò ná kọ́bọ̀ kankan.

Kí a tó dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi, ó yẹ kí a wo wáyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń gba iná fóòtì 5 láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí iná náà kò bá dé ojú wáyà, sẹ́ńsọ̀ tuntun kò lè ṣe nǹkan kan. Omi ìkún tí ń bo àwọn òpópónà ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà a máa fa ìpatà aláwọ̀ ewé sí ojú wáyà.

Àṣà kan tún wà tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà: yíyọ thermostat dànù nítorí ìbẹ̀rù pé ẹ́ńjìnnì yóò gbóná jù. Omi ẹ́ńjìnnì kò ní tètè gbóná mọ́, sẹ́ńsọ̀ ooru yóò sì máa sọ pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù (òótọ́ ni), kọ̀ǹpútà yóò sì máa da epo púpọ̀ sí i. P0128 ni kóòdù tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e.

Sẹ́ńsọ̀ pàápàá a máa bàjẹ́. Èyí tí ń wo ìyípo ọ̀pá ẹ́ńjìnnì a máa dákẹ́ nígbà tí ó bá gbóná: ọkọ̀ yóò kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, yóò sì tún jí lẹ́yìn tí ó bá ti tutù. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú dípò kí ó tàn gbọnrangandan, kí awakọ̀ dúró, nítorí epo tí kò jó ń lọ sun katalísítì inú páìpù èéfín. Yíyọ orí bátìrì lè pa iná náà, ṣùgbọ́n ó lè pa àkọsílẹ̀ tí mẹkáníìkì nílò pẹ̀lú.