21 àbí 28? Lẹ́ǹsì tó yẹ Rye Lane

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ètò wa ló mọ Rye Lane ní Peckham dáadáa, ibi tí ẹ ti ń ra iṣu, ata rodo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ́jọ́ Sátidé. Lónìí, ojú kámẹ́rà la fẹ́ fi wo òpópónà yẹn. Ìbéèrè wa kò gùn: tí owó lẹ́ǹsì kan péré bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ní kámẹ́rà rangefinder oní-sensor, ṣé 21mm ni kó rà ni, àbí 28mm? Lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ni méjèèjì. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré sí i ni ojú lẹ́ǹsì á ṣe fẹ̀ sí i. Ẹ ti lè rò pé fífẹ̀ náà ló dáa jù. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná.

Kí ni rangefinder?

Kámẹ́rà yìí kì í jẹ́ kí ẹ wo ayé láti inú lẹ́ǹsì. Fèrèsé kékeré kan wà lókè rẹ̀ tí ẹ máa gbé ojú sí. Fèrèsé kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń gbé àwòrán kejì wá sí àárín ohun tí ẹ ń wò. Bí ẹ bá ṣe ń yí lẹ́ǹsì, apá irin kékeré kan nínú kámẹ́rà á máa tẹ̀ lé e, àwòrán kejì yẹn á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá bọ́ sórí ara wọn, tí èèyàn kan ò dà bí méjì mọ́, ojú lẹ́ǹsì ti mú ẹni yẹn nìyẹn. Ó jọ ọgbọ́n tí ojú wa méjèèjì ń lò láti mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó.

Leica M3, tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní ọdún 1954, ni bàbá ńlá àwọn Leica M tí à ń rí lónìí. Fíìmù ló ń lò. Epson ló kọ́kọ́ ṣe rangefinder tí kò lo fíìmù mọ́, R-D1, ní 2004. Leica tẹ̀ lé e pẹ̀lú M8 ní 2006 àti M9 ní 2009.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà nínú ìtàn yẹn. Sensor M9 tóbi tó fíìmù, ti M8 kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Tí sensor bá kéré, àárín ohun tí lẹ́ǹsì rí nìkan ló máa gbà. Torí náà, 21mm lórí M8 máa ń ṣe bíi 28mm gẹ́lẹ́. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo bí sensor yín ṣe tóbi tó.

Ìṣirò inú ṣọ́ọ̀bù

Láyé àtijọ́, àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Jones & Higgins àti Holdron's ló gbajúmọ̀ ní Rye Lane, débi pé wọ́n ń pe òpópónà náà ní Golden Mile. Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ni wọ́n ti pín sí wẹ́wẹ́. Suzanne Hall, onímọ̀ nípa àwùjọ ní LSE, ṣe ìwádìí lórí òpópónà yìí. Ó sì ṣàlàyé bí ṣọ́ọ̀bù kan ṣe lè gba oníṣòwò mélòó kan: ẹni tó ń tún fóònù ṣe níwájú, onírun lẹ́yìn, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé láàárín. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ fi wúlò níbẹ̀. Kò sí àyè.

Obìnrin kan tó ń dirun ní ọ̀kan nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, fẹ́ kó kúrò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní kí n ya fótò kan tí òun máa gbé kọ́ sára ògiri: òun, àwọn ọmọṣẹ́ òun méjì, oníbàárà kan, àti ṣọ́ọ̀bù náà. "Gbogbo ara mi ni kó hàn o, títí dé bàtà," ló wí. Tó bá ti kó ẹrù jáde, kò sí àtúnyà. Mo bá háyà lẹ́ǹsì méjèèjì fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo sì mú téèpù dání. Ṣọ́ọ̀bù náà fẹ̀ ní mítà 2.5, ó jìn ní mítà 5.

Sensor kámẹ́rà mi, Leica M10 tí ẹlòmíì ti lò kó tó dọ́wọ́ mi, fẹ̀ ní 36mm, ó ga ní 24mm. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹ fi nọ́ńbà lẹ́ǹsì pín 36, kí ẹ wá fi iye mítà tó wà láàárín yín àti ẹni tí ẹ ń yà sọ ọ́ di ìlọ́po. Fún gíga, 24 ni kí ẹ pín. Ní mítà 3, 28mm á rí ohun tó fẹ̀ tó mítà 3.86, tó sì ga tó mítà 2.57. 21mm á rí mítà 5.14 ní fífẹ̀, mítà 3.43 ní gíga.

Ẹ wá wò ó. Tí mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì tò ní mítà 3 sí mi, 28 ti rí ògiri méjèèjì, àyè sì kù lókè orí. Ẹni tó ga ní mítà 1.7 á gba ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga fótò. Pẹ̀lú 21, ẹni kan náà á gba ìdajì péré. Àjà àti ilẹ̀ ló máa gba ìyókù, Àǹtí á sì wá dà bí àlejò nínú fótò ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ẹrù bá dí ọ̀nà, tó jẹ́ pé mítà 2 péré ló kù, ọ̀rọ̀ yí padà. 28 á rí mítà 1.71 ní gíga. Tí orí bá wọlé, bàtà ò ní wọlé. 21 á rí mítà 2.29. Níbẹ̀ yẹn, 21 ló lè ṣe iṣẹ́ náà.

Orí tó ń fẹ̀

Lẹ́ǹsì tó dáa máa ń jẹ́ kí ohun tó tọ́ wà ní títọ́. Ògiri á tọ́, ilẹ̀kùn á tọ́. Àmọ́ nǹkan róbótó tó bá bọ́ sí etí fótò á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí èèyàn sì rèé, róbótó ni! Ní etí ọ̀tún tàbí òsì fótò 21, orí á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní etí fótò 28, nǹkan bí ìdá 19 ni. Kì í ṣe pé lẹ́ǹsì náà bàjẹ́. Ibi tí èèyàn dúró sí ló fà á: bí ó bá ṣe yà kúrò níwájú kámẹ́rà gan-an ni orí rẹ̀ á ṣe fẹ̀ tó. 21 kàn ń rí àwọn ibi ẹ̀gbẹ́ tí 28 kì í rí rárá. Ìṣirò ni, kò sí iye owó tó lè yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn African Arts nípa bí Yorùbá ṣe ń ya fótò. Ìlú Ìlá Ọ̀ràngún ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ó ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà tó bá fẹ́ ya fótò iyì máa ń jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, á gbé ọwọ́ lé itan tàbí orúnkún, aṣọ rẹ̀ á tẹ́ rẹrẹ, gbogbo ara rẹ̀ á sì hàn. Ó so ó mọ́ ohun tí à ń pè ní jíjọra nínú iṣẹ́ ọnà: kí ère jọ èèyàn níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Nígbà tí Àǹtí sọ pé "títí dé bàtà", kò ka ìwé kankan kó tó sọ ọ́. Àṣà tó bá dàgbà ni. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ igun

Lẹ́ǹsì fífẹ̀ tún máa ń ṣókùnkùn ní igun. Lójú ìṣirò, tí àwọn tó ṣe lẹ́ǹsì kò bá fi ọgbọ́n mìíràn kún un, ìmọ́lẹ̀ tó dé igun fótò 21 kò ju nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ti àárín lọ. Ti 28 á tó ìdá 39. Kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe: ẹ ya bébà funfun, kí ẹ wá fi fótò bébà yẹn pín fótò gidi. Kóòdù Python kékeré á ṣe é. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ìmọ́lẹ̀ igun sókè ní ìlọ́po mẹ́rin, àwọn àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn á tẹ̀ lé e. Ara ẹni tó dúdú, tó dúró nínú òjìji, ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ hàn.

Ní ìta, láàárín èrò

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká rẹ́ 21 jẹ o. Tí ẹ bá ń rìn lójú ọ̀nà, tí kò sí àyè láti máa yí lẹ́ǹsì, ẹ gbé e sí f/8, kí ẹ gbé e sí mítà 1.9. Ohun gbogbo láti bíi mítà 1 títí dé òkèèrè á mọ́ dáadáa. Pẹ̀lú 28, mítà 3.3 ni ẹ máa gbé e sí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ láti bíi mítà 1.7.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé, kí èèyàn tó lè tóbi nínú fótò 21, ẹ gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn gan-an. Ohun tí 28 rí ní mítà 2.8, mítà 2.1 ni 21 fẹ́. Ìṣísẹ̀ kan lásán nìyẹn, àmọ́ lọ́jà wa, ìṣísẹ̀ yẹn ń béèrè ìkíni. Ẹ kò lè gbé lẹ́ǹsì sí ojú ìyá ẹlẹ́ja láìsọ pé "Ẹ kú ọjà o, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya fótò yín?" Tó bá ní rárá, ó ti tán. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Fèrèsé kámẹ́rà náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ìlà tó ń fi ààlà fótò hàn nínú M10 kò kọjá 28. Ẹni tó bá lo 21 máa ra fèrèsé mìíràn tí wọ́n ń fi sórí kámẹ́rà, tàbí kó wo skírìnnì ẹ̀yìn. Ojú kan á mú, ojú mìíràn á wọn ààlà, ọmọdé tí ẹ fẹ́ yà á sì ti sá lọ. Àwa tí à ń lo jígí ojú pàápàá, agbára káká la fi ń rí ìlà 28 tán.

Èwo ni ká wá rà?

Mo fi méjèèjì ya Àǹtí. Nínú ti 21, oníbàárà tó jókòó sórí àga nítòsí ẹnu ọ̀nà wọ inú fótò, orí rẹ̀ sì fẹ̀. Àǹtí wò ó, ó ní, "Kí ló ṣe orí oníbàárà mi?" Fún ti 28, mo ní kí gbogbo wọn tò ní mítà 3, mo gbé kámẹ́rà sí mítà 1.2 láti ilẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn. Fótò yẹn ló mú.

Ní tèmi o, ẹni tó fẹ́ ya èèyàn ní Rye Lane, 28 ni kó rà. Ẹni tó fẹ́ ya inú ilé àti àwọn ọ̀nà tóóró bíi Holdrons Arcade, 21 lè ṣe é lóore, àmọ́ ó lè háyà rẹ̀ fún ọjọ́ tó bá nílò rẹ̀. Lẹ́ǹsì kan tó mọ́ni lára tó nǹkan. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tó ń gbé ní Berlin, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ìgboro Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn pẹ̀lú Rolleiflex, kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀.

Ẹ kò ní rangefinder? Fóònù yín tó láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Lórí ọ̀pọ̀ iPhone, 0.5 dà bíi 13mm, 1 sì wà láàárín 24 sí 26. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró sí etí fótò, ẹ lo 0.5, lẹ́yìn náà kí ẹ lo 1. Ẹ wo orí rẹ̀ nínú méjèèjì, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí ránṣẹ́ sí wa ní Yorùbá, bó ti wù kó kéré mọ. Ó dìgbà kan ná.